Bí ọmọ onítìjú bá ń ka ìtàn àròsọ

Ẹ̀yin òbí wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ọmọ yín tó ń tijú bá ń ka ìtàn ọ̀dọ́ tó jọ ọ́, ẹ má bi í pé, "Ṣé bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyẹn?" Ńṣe ni yóò panu mọ́. Ẹni inú ìwé ni kí ẹ bi í léèrè: "Kí ló dé tí kò fi lè kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?" Nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà ló dára jù, tí ojú kò ko ojú. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa sọ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì.

Nínú ìwé ìtàn àròsọ The Perks of Being a Wallflower, tó jáde ní 1999, lẹ́tà ni Charlie, ọ̀dọ́mọkùnrin onítìjú inú ìwé náà, ń kọ sí ọ̀rẹ́ tí kò dárúkọ. Ẹ ní kí tiyín náà kọ lẹ́tà sí Charlie, ní Faransé tàbí Yorùbá. Ẹ má sì yọ́ kà á o!