Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rá Oní-nǹkan Kún Yàrá Mi, àti Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Bẹ Báńkì

Ọ̀rá ni ó fẹ́ sọ mí di onígbèsè, kì í ṣe omi. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni mo ní ní ìlú Ọ̀yọ́, omi inú ọ̀rá tí gbogbo ayé ń pè ní pure water ni a sì ń ṣe níbẹ̀, ogún nínú àpò kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rá yóò tún gbówó lórí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ti Ẹlẹ́mẹ nítòsí Port Harcourt wá tàbí èyí tí ó gba èbúté wọlé, ohùn dọ́là ni gbogbo rẹ̀ ń gbọ́. Mo yá owó ní báńkì, mo sì ra rólù ọ̀rá kún yàrá dé òrùlé. Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Ọjà falẹ̀, èlé kò falẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo dúró láàárín rólù tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, mo ń fi fóònù bẹ àbúrò mi pé kó yá mi ní owó dísù tí a ó fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé ṣe ni ó yẹ kí n máa rà á ní mẹ́ta mẹ́ta, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà ọ̀wọ́n náírà tuntun, owó tí mo fi ránṣẹ́ láti báńkì kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ ọ̀rá fún mi fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ̀rọ mi dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru tí omi ń tà jù lọ. Àwọn oníbàárà mi yà sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi, àwọn kan kò sì tíì padà di òní.

Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí kì í ṣe ọgbọ́n ìwé. Mo lọ sí Ìbàdàn, mo bá alàgbà tí ń tẹ ọ̀rá fún mi nínú ìráhùn pé rólù àwọn oníbàárà tí kò tíì rówó san ti dí òun lọ́nà. Mo ní kó gbé tèmi wá sí yàrá mi. Tirẹ̀ ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí mo bá mú rólù kan jáde ni mo ra rólù náà. Ó rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹ fẹ́ fi owó mi ṣọ́ ilé yín ni?” Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rántí pé orúkọ mi àti nọ́ńbà NAFDAC mi ni ó wà lára ọ̀rá náà, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè tà á fún, ẹ̀rín náà tán.

Ohun mẹ́ta ni ó béèrè: kí n fi ọgọ́rùn-ún náírà lé orí kílò kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ pé iye tí ọ̀rá ń lọ ní ọjọ́ tí mo mú un jáde ni n óò san, àti pé rólù tí ó bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dọ̀ mi ti di tèmi, bí mo lò ó, bí n kò lò ó. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún náírà lórí kílò kò tó ìdajì èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ mi. Yàrá, àgádágodo méjì, ìwé àkọsílẹ̀, ìwọ̀nyẹn kò gba àlàyé.

Ohun tí ó gba àlàyé ni báńkì. Agbẹjọ́rò alàgbà béèrè bóyá mo jẹ báńkì kankan ní gbèsè, mo sì fi òótọ́ inú dáhùn. Ó wo ìwé àkọsílẹ̀ National Collateral Registry, èyí tí òfin ọdún 2017 lórí fífi ohun tí ó ṣeé gbé kiri dógò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì rí i pé báńkì mi ti kọ gbogbo ọjà tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ mi síbẹ̀, títí kan èyí tí yóò wọlé lẹ́yìn ọ̀la. Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé náà kò mọ̀ pé mo fọwọ́ sí ọ̀la pẹ̀lú. Bí mo bá kùnà láti san gbèsè, wọn yóò kó rólù alàgbà mọ́ tèmi, ìyókù á sì di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ó ní rólù kan kò ní kúrò ní Ìbàdàn àfi bí báńkì bá kọ lẹ́tà pé ọwọ́ òun kò sí lára rẹ̀.

Mo rò pé lẹ́tà ojú ìwé kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá a. Ọmọkùnrin tí ó ń bójú tó gbèsè mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀; mo kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, lẹ́tà mi kò sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ní àfi kí òun rí nọ́ńbà orí rólù kọ̀ọ̀kan kí òun tó lè kọ lẹ́tà nípa wọn. Agbẹjọ́rò ní àfi kí òun rí lẹ́tà kí rólù tó gbéra. Mo wá di alárinà láàárín àwọn méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn, mo ń wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, rólù mi ń tán lọ, mo sì ń fi owó ọwọ́ ra òmíràn lọ́dọ̀ alàgbà kan náà, nígbà tí èyí tí a fẹ́ gbé wá ṣì jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Èmi ni mo tú kókó náà, n kò sì ní fi ìyìn rẹ̀ fún agbẹjọ́rò kankan. Mo ní kí wọ́n má kọ nọ́ńbà rólù rárá, kí wọ́n kọ yàrá: ohunkóhun tí ó bá ní òǹtẹ̀ pupa ilé-iṣẹ́ alàgbà, tí ó sì wà nínú yàrá kejì lápá òsì ẹnubodè, kì í ṣe tèmi. Mo ya àwòrán yàrá náà pẹ̀lú fóònù mi, mo fi mọ́ lẹ́tà. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ! Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí, ẹ ti báńkì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà.

Ìjà kékeré kan tún wà lórí òṣùwọ̀n. Páìpù páálí wà ní àárín rólù, àwọn kan lára rẹ̀ sì tó kílò kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ a ń wọ̀n ọ́n mọ́ ọ̀rá, mo ń san owó ọ̀rá fún páálí. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni ó rí i, kì í ṣe èmi. A ti ń yọ ọ́ kúrò báyìí, alàgbà sì dá owó oṣù méjì padà pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí epo bẹ́tiróòlù gbówó lórí, tí ọkọ̀ sì ṣọ̀wọ́n láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ẹ̀rọ aládùúgbò mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rá. Tèmi kò dúró. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀, èyí tí èlé àwọn báńkì yòókù ń tẹ̀ lé, dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá, mo ti san ìdá tó pọ̀ nínú gbèsè mi. Inú mi dùn, mo sì sọ fún aládùúgbò mi pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n mo pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tí ó wà lára ọ̀rá láì béèrè lọ́wọ́ alàgbà, rólù mọ́kànlá tí ó ní nọ́ńbà àtijọ́ sì wà nínú yàrá náà. Ó ní èmi ni mo sọ wọ́n di aláìwúlò, nítorí náà wọn kò nílò láti pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n tó di tèmi. Mo tún àdéhùn kà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni ó wà, ní ojú ìwé kejì. Mo ti san ti mẹ́jọ. Mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ àgádágodo méjèèjì.