Kí Ló Wà Nínú Ohun Tí À Ń Kùn Sójú? Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń ná ọjà Agbálátà mọ̀ pé ohun ìṣaralóge kì í wọ́n níbẹ̀. Àtíkè, lípítíìkì, pẹ́ńsù ojú, maskára, fàǹdéṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ ló kún àtẹ. Òmíràn gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ wọlé, òmíràn wá láti àárín Èkó, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ilé ni ẹnì kan ti pò ó, tó rọ ọ́ sínú ike tí kò ní orúkọ kankan lára.

Ìwé yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má kun ojú mọ́. Obìnrin tó ṣe ara rẹ̀ lóge kò ṣẹ̀ sí ẹnì kan. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ yí ike náà padà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ mọ èyí tí ẹ lè rà àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èyí tí kò gbọdọ̀ kan ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a ó sọ ọ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn ike

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ló máa ń wà níwájú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Ingredients” sí lẹ́yìn. Àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ ní ètò: ohun tó pọ̀ jù nínú ike náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé èyí tó kéré. Àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè wà bó ṣe wù wọ́n, àwọn àwọ̀ sì máa ń wà ní ìparí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya àwòrán àgbọn gbàǹgbà síwájú ìpara kan, tí “Cocos Nucifera Oil” wá wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn òórùn dídùn, ẹ mọ̀ pé díẹ̀ báyìí ni àgbọn tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán ni wọ́n ń tà fún yín.

“Aqua” ni omi. “Parfum” tàbí “Fragrance” ni òórùn dídùn, ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n lè kó oríṣiríṣi nǹkan sí láì dárúkọ wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ tètè máa ń yún, èyí ni kó kọ́kọ́ fura sí. Àwọn àwọ̀ máa ń ní nọ́ńbà tí CI ṣáájú rẹ̀. CI 77491, 77492 àti 77499 jẹ́ ìpáàrà irin, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Irú ìpáàrà tó ń bo ọkọ́ tí òjò pa ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ló ṣe èyí ní mímọ́. Àwọn ló ń fún fàǹdéṣọ̀n ní àwọ̀ ara wa, wọn kì í sì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. CI 77891 ló ń mú nǹkan funfun, CI 77019 sì ni òkúta mica tó ń jẹ́ kí ojú máa dán.

Ẹ tún wo àwòrán ike kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sí. Iye oṣù tí ẹ lè fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i nìyẹn. Oòrùn àti atẹ́gùn ọ̀sà wa yìí kò jẹ́ kí nǹkan pẹ́, torí náà ẹ má ṣe ra èyí tó ti jókòó sínú oòrùn lórí àtẹ láti àárọ̀, tó ti yọ́, tó tún dì.

Ohun oko wa tó wà nínú rẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún igi àti ewéko ni wọ́n ń kọ sára ike, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi lè máa wo irè oko ara rẹ̀ láì dá a mọ̀. Cocos Nucifera ni àgbọn. Elaeis Guineensis ni ọ̀pẹ, yálà epo pupa tàbí àdín. Butyrospermum Parkii ni òrí. Theobroma Cacao ni kòkó, Zea Mays ni àgbàdo, Ricinus Communis sì ni lárà. Cera Alba ni ìda oyin. Bí ẹ bá tú lípítíìkì palẹ̀, ohun tí ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ wọn ni epo lárà, ìda àti àwọ̀. Glycerin tó wà nínú ìpara, ara epo ni wọ́n ti ń yọ òun náà.

Inú wa máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn tó ń gbin àgbọn ní Àgbádárìgì, torí ohun tí ayé ń wá wà lẹ́yìn ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà pé ohun tó bá ti ti inú ilẹ̀ wá kò lè ṣe ni ní jàǹbá. Epo àgbọn gan-an lè dí ihò ara ẹni tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu. Inú ilẹ̀ sì ni òjé náà ti wá.

Tìróò

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èyí ló jẹ wá lógún jù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lé tìróò, Yorùbá ń lé e, Ègùn ń lé e. Ìyá ń lé e fún ìyàwó, ó ń lé e fún ara rẹ̀, ó sì ń lé e fún ọmọ tuntun pé kí ojú ọmọ lè mọ́ kedere. Ìfẹ́ ló ń mú un ṣe é. Àmọ́ òkúta dúdú tó ń kọ mànà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe púpọ̀ nínú tìróò, galena ni wọ́n ń pè é, òjé ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òjé yìí náà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan wò tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń lé sí ìpénpéjú ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò yẹn wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ẹ tún ìlà yẹn kà.

Òjé kì í gbé ọmọ ṣubú lọ́jọ́ tí wọ́n lé e fún un. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á ki ọwọ́ náà bọ ẹnu, bó ṣe ń wọlé nìyẹn, díẹ̀ díẹ̀, lójoojúmọ́. Ara ọmọdé ń fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ó ń ba ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́, ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí a ń pè ní olódo nílé ìwé, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó lè jẹ́ òjé ló ń bá a jà láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì rántí àwọn ọmọdé tí òjé pa ní Zamfara ní ọdún 2010 níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Wọ́n lé ní 400. Ní ti aláboyún, òjé tó ti wọ eegun rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò oyún, kó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Kì í ṣe gbogbo tìróò ló jẹ́ òjé. Èyí tí wọ́n fi èédú ṣe wà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí àtẹ, ìyá tó ń tà á fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Torí náà, ọ̀rọ̀ wa kò ní àbùlà: ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọdé mọ́, ì báà jẹ́ ìyá àgbà ló fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Àgbàlagbà tó fẹ́ kí ojú òun dúdú lè ra pẹ́ńsù tí wọ́n kọ CI 77499 tàbí CI 77266 sí lára. Bí ẹ bá sì ti ń lé e fún ọmọ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣíwọ́ lónìí, kí ẹ gbé ọmọ àti tìróò náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ béèrè nípa àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti wàrà nínú oúnjẹ ọmọ ń dín bí ara ṣe ń fa òjé mu kù, àmọ́ wọn kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Àtíkè, lípítíìkì, maskára

Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “Talc”, ló wà nínú ọ̀pọ̀ àtíkè. Ní ọdún 2024, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn náà. Ẹ má ṣe da àtíkè sí abẹ́ ọmọ tàbí sí ojú ara obìnrin, ẹ má sì ṣe gbọn ọ́n yẹ́gẹ́yẹ́gẹ́ lójú ọmọ tó ń mí. Èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe wà, “Zea Mays Starch” ni wọ́n máa ń kọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ fa òun náà símú.

Lípítíìkì ni a máa ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí òjé inú rẹ̀ má kọjá ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí. CI 75470 tó ń pọ́n dẹ̀dẹ̀, ara kòkòrò ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ara àwọn kan kọ̀ ọ́, ẹ̀sìn àwọn mìíràn kò sì gbà á.

Maskára kì í ju oṣù 3 lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Bó bá gbẹ, ẹ má da omi sí i, ẹ má tutọ́ sí i. Bí ojú ẹnì kan bá ti ní Àpólò, tí gbogbo ilé sì ń lo pẹ́ńsù ojú kan náà, gbogbo ilé ni yóò ní in. Ẹ̀yin tó ń kun ojú ìyàwó, ẹ máa fọ búrọ́ọ̀ṣì yín láàárín ẹnì kan sí èkejì.

Làálì gidi kì í dúdú kirikiri. Èyí tó bá dúdú láàárín wákàtí kan, aró irun tí wọ́n ń pè ní PPD ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè bó ara bí omi gbígbóná.

Ike tí kò lórúkọ

Àwọn kan ń bẹ̀rù orúkọ gígùn tó wà lẹ́yìn ike, wọ́n á ní kẹ́míkà ni, wọ́n á wá lọ ra ìpara àpòpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní “ewé àti egbò lásán ni.” Níbi tí ewu wà gan-an ni wọ́n sá lọ yẹn. Methylparaben àti phenoxyethanol tí wọ́n ń bẹ̀rù, àwọn ló ń dènà kòkòrò àìrí nínú ohun tó bá ní omi, ìwọ̀nba sì ni wọ́n ń fi sí i. Phenoxyethanol kì í ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìpara olómi tí kò ní nǹkan kan bẹ́ẹ̀ yóò bu kí ẹ tó lò ó dé ìdajì.

Nínú ìpara àpòpọ̀ tó ń bó ara, wọ́n sábà máa ń bá sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol tàbí betamethasone pàdé. Oògùn ni wọ́n, dókítà ló yẹ kó fún ni, fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ẹni tó bá ń fi wọ́n para lójoojúmọ́, awọ ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á là, ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní tètè jiná. Hydroquinone, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó ara, tó bá pẹ́ lára máa ń sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka di dúdú ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, fàǹdéṣọ̀n kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni mẹ́kúrì. Kíndìnrín àti iṣan ara ló ń bá jà, ó sì ń ran ọmọ tí ẹ gbé mọ́ra. Bí ẹ bá rí “mercurio”, “calomel” tàbí “mercurous chloride” lára ike, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ẹ má jẹ́ kó kan góòlù tàbí fàdákà, ẹ gbé e sílẹ̀. Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti lòdì sí i, NAFDAC náà kò gbà á láyè.

Fún ẹ̀yin tó ń ṣe epo àgbọn

Ẹ kọ orúkọ epo, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tó máa bà jẹ́ àti ibi tí ẹ ti ṣe é sára ìgò, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà. Ẹ rí i pé omi kò ṣẹ́kù nínú epo, torí omi ló ń mú un kan. Bó bá dì nígbà ọyẹ́, kò bà jẹ́. Tí ooru bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 24 lórí Celsius lọ, dídì ló máa ń dì. Ẹ kọ èyí sára ìgò fún oníbàárà yín. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó mọ́ omi kó di ìpara, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tà á.

Bí ara bá kọ̀ ọ́

Kí ẹ tó kun ohun tuntun sójú, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá níbi tí ìgúnpá ti ń ṣẹ́, kí ẹ dúró fún ọjọ́ kan sí méjì. Gọ́ọ̀mù irun ìpénpéjú, ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí lórí rẹ̀. Bó bá kó sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 láì fọwọ́ ra á. Bí ojú bá wú, tí ètè bá wú, tàbí tí èémí bá ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ju ike náà nù. Ẹ gbé e dání fún dókítà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè fi tó wọn létí.