Etí ni kí ẹ fi kọ́ Morse
Morse ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn ránṣẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní ìró tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àtẹ tí wọ́n fi àmì àti ìlà kọ àwọn lẹ́tà náà sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá fojú kọ́ Morse á máa ka àmì lọ́kàn ni, kó tó kà á tán, lẹ́tà mìíràn ti kọjá.

K àti M ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. K ń dún "dáà-di-dáà", M ń dún "dáà-dáà"; "di" ni ìró kúkúrú, "dáà" ni ìró gígùn. Ẹ wá áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ Morse, kí ẹ jẹ́ kí lẹ́tà máa yára dún bíi ti ẹni tó ń fi 20 ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kí àlàfo àárín wọn gùn. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti ń gba 90 nínú 100, ẹ fi lẹ́tà kan kún un. Ludwig Koch, ará Jámánì, ló gbé ọ̀nà fífi lẹ́tà kún lẹ́tà yìí kalẹ̀.

Lẹ́tà tó bá bọ́ mọ́ yín létí, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ fàlà síbẹ̀, kí ẹ mú èyí tó tẹ̀lé e. Lójú tèmi, ibí ló le jù, torí ọkàn kì í fẹ́ gbà!

Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, 15 lálẹ́, ó tó. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, orí fífọ́ ni.

Ìgbà tí etí bá ti là ni kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìtẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi Morse ránṣẹ́. "Dáà" kan gùn tó "di" mẹ́ta. Àlàfo láàárín lẹ́tà gùn tó "di" mẹ́ta, ti àárín ọ̀rọ̀ gùn tó "di" méje. Ọrùn ọwọ́ ni kó ṣiṣẹ́, kí apá sinmi lórí tábìlì.