Bí a ṣe ń fọwọ́ mú akọ bá abo lára òdòdó kòkó

Ẹni tó bá wọ oko kòkó lágbègbè Ìdànrè tàbí Oǹdó nígbà tí òjò bá ti balẹ̀, á rí òdòdó jìngbìnnì lára ìtí igi. Díẹ̀ ló ń di èso nínú wọn. Òdòdó tí kò bá gba akọ, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló máa bọ́. Kòkòrò tín-ín-tín-ín kan tó ń pọ̀ sí i nínú ewé jíjẹrà ló máa ń gbé akọ fún abo. Oyin tóbi jù láti wọ inú òdòdó yìí. Oko tí wọ́n bá gbá mọ́ féfé, tí wọ́n sì ń fín oògùn sí lemọ́lemọ́, kòkòrò yìí kì í pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ wa lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé. Sẹ́ẹ̀lì ara kòkó ní kírómósóòmù 20, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-tín-ín tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí fún ọmọ. Bí igi bá fẹ́ ṣe sẹ́ẹ̀lì ìbísí, ó máa ń dín in sí ìdajì: akọ á mú 10 wá, abo á mú 10 wá, ọmọ á sì pé 20. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa, 46 ló ń di 23. Ti adìyẹ, 78 ló ń di 39. Àmọ́ àtọ̀ ẹranko ní ìrù, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin. Akọ kòkó ò lè rìn. Inú eruku òdòdó ló wà. Bí eruku náà bá lẹ̀ mọ́ orí abo, á ta okùn oníhò kan wọ inú lọ títí dé ilé ẹyin, akọ méjì á sì gba inú ihò náà wọlé: ọ̀kan á bá ẹyin di ọmọ, èkejì á lọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọmọ. Ẹyin bíi 40 sí 60 ló wà nínú òdòdó kan ṣoṣo, hóró eruku kan ni ẹyin kọ̀ọ̀kan sì nílò. Ìdí nìyí tí fífọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ kò fi tó.

Irinṣẹ́ ò pọ̀: ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú, tó wà lọ́jà káàkiri Àkúrẹ́, pínnì díẹ̀ àti òwú pupa. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀mú lè fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a là lórí ṣe é. Ẹ má fi èékánná ṣe é, òógùn ọwọ́ máa ń mú eruku dì.

Àkókò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Mo ti rí àwọn tó jẹun tán, tí wọ́n ro oko tán, tí wọ́n wá ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo rẹ̀ sì bọ́. Láti ọ̀sán ni òdòdó kòkó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a ní lílà tán. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ti iṣẹ́ wa. Aago méje sí mọ́kànlá ni mo fọwọ́ sí, lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi sílẹ̀. Omi ń ba eruku jẹ́. Òdòdó tó ti rọ, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ibi kejì tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni ibi tí wọ́n ti ń mú akọ. Ẹ má mú un lára igi kan náà. Irú kòkó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Amelonado ń gba akọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú kòkó tí wọ́n ń pè ní Amazon, tó wà lóko báyìí, kì í gbà á. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé eruku náà á ta okùn, okùn á dé ilé ẹyin, akọ á sì kọ̀ láti bá ẹyin pọ̀. Ẹ óò rí òdòdó tó dúró bí ẹni pé ó ti gbà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò bọ́. Ẹ fo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pàápàá, torí inú èso kan náà lè ni irúgbìn méjèèjì ti wá. Ẹ lọ mú akọ lápá ibòmíràn nínú oko.

Ó wá ku bí a ṣe ń ṣe é. Òpó pupa dúdú márùn-ún tó ṣóńṣó ló yí orí abo ká bí ọgbà. Wọn kì í ṣe akọ, ẹ má sì tìtorí wọn já gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú gé ọ̀kan péré kúrò, kí ojú ọ̀nà là. Akọ gan-an fara pa mọ́ sábẹ́ ewé òdòdó tó tẹ̀ kọdọrọ. Ẹ já òdòdó láti ara igi kejì, ẹ fa ewé rẹ̀ sísàlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àpò eruku kékeré á yọ jáde. Ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ fi pa orí abo díẹ̀díẹ̀, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Àwọn kan máa ń fi àpò ẹyọ kan pa òdòdó mẹ́ta láti lè tètè ṣe tán. Òdòdó akọ kan fún òdòdó abo kan ni tèmi, kí eruku tó fún ẹyin inú rẹ̀.

Ẹ so òwú pupa mọ́ orí pínnì, kí ẹ fi gún èèpo igi ní ìka méjì sí òdòdó náà. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn òdòdó, á ṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ṣì wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ń sanra ti gbà. Ẹ má fọwọ́ ṣe gbogbo òdòdó orí igi. Igi tó bá gbé èso ju agbára rẹ̀ lọ yóò fúnra rẹ̀ mú kí àwọn kékeré gbẹ, kí wọ́n dúdú, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Òdòdó tó wà nídìí igi tó lókun ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì fi àlàfo sáàárín wọn. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, èso á pọ́n. Bí ẹ bá là á, tí hóró inú rẹ̀ kéré, tí àwọn kan sì pẹlẹbẹ láìní nǹkan nínú, eruku tí ẹ fi pa á ló kéré; ẹ fi kún un ní ìgbà tó ń bọ̀.