Bí mo ṣe fi ilẹ̀kùn onípákó bo ibi tí mo ti ń fọṣọ

Ká sọ òótọ́, ta ló fẹ́ kí àlejò wọlé kó jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ló máa kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ike ọṣẹ àti aṣọ ìdọ̀tí tó kún báṣíà? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ni tèmi wà, gbangba báyìí. Wọ́n ní kí n ta kọ́tìnnì, mo ní rárá o, kọ́tìnnì á kàn máa gbọ̀rinrin sára ni. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta náà á dí ọ̀nà, pàápàá téèyàn bá gbé báṣíà lọ́wọ́. Ni mo bá yàn èyí tó ń sún lọ sún bọ̀ lórí irin tí wọ́n dè sókè ẹnu ọ̀nà, irú tàwọn ilé ẹran ọ̀sìn lóko òyìnbó yẹn.

Wíwọ̀n ló gbà mí lákòókò jù. Ẹnu ibẹ̀ fẹ̀ tó 60 ínṣì, ilẹ̀kùn méjì ni mo ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan 32 ínṣì, torí ilẹ̀kùn yìí kì í wọnú férémù, iwájú ògiri ló ń rìn, tí ò bá bo ẹ̀gbẹ́ kọjá díẹ̀, inú á ṣì máa hàn. Ibi tó máa sún sí ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ ṣófo, 34 ínṣì lọ́tùn-ún, 34 lósì, kò gbọdọ̀ sí súwíìṣì iná níbẹ̀, irin yẹn fúnra ẹ̀ wá gùn tó 128 ínṣì. Mo tún fi bí 4 ínṣì sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ kí rọ́bà omi má bàa ká.

Pákó tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ rà, tútù máa lọ́ ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ẹ̀ kí ìlà igi lè yọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bí ohun àtijọ́, mo kun ún ní àwọ̀ búráùn, mo wá fi fáníìṣì sí i níwájú, lẹ́yìn àti létí. Ẹ má fojú di ẹ̀yìn yẹn o! Ojú kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá kùn, ọ̀rinrin á gbà ibi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ wọlé, pákó á sì tẹ̀.

Ilẹ̀kùn yìí wúwo, nítorí náà pákó nípọn kan ni mo kọ́kọ́ fi bóòtù dè mọ́ ògiri, kí n tó de irin mọ́ ọn. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, wò ó, tó bá fi díẹ̀ dagun, ilẹ̀kùn á máa dá rìn fúnra ẹ̀. Ẹ fi ohun tó máa dá ilẹ̀kùn dúró sí ìparí irin lọ́tùn-ún àti lósì, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó ń di ìsàlẹ̀ mú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má máa fì.

Tí mo bá fọṣọ tán, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ kí inú ẹ̀rọ gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ẹ má ti ilẹ̀kùn pa tí ẹ̀rọ yẹn bá ń ṣiṣẹ́, ó nílò afẹ́fẹ́.

Ariwo ṣá, ilẹ̀kùn yìí kò dá a dúró. Àlàfo wà láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri, gbogbo ohùn ẹ̀rọ ló ń gba ibẹ̀ jáde, tó bá jẹ́ ariwo ló ń dà yín láàmú, ilẹ̀kùn oníférémù ni kẹ́ ẹ ṣe.