Ọkọ̀ Ṣáájú Àdá: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó ń Ta Ẹ̀gẹ́ Tútù

Òkìtì ẹ̀gẹ́ tó rà sẹ́bàá ọ̀nà ló mú wa kọ ìwé yìí. Àwọn àgbẹ̀ kan lágbègbè wa hú ẹ̀gẹ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé iṣẹ́, wọ́n gé iṣu ẹ̀gẹ́ mẹ́ta wò níbẹ̀, wọ́n rí ìlà dúdú bí òwú nínú ẹran ara rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ náà máa gbé ẹrù wọn padà. Wọ́n san owó ọkọ̀ àlọ, wọ́n tún san ti àbọ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ohun tí à ń bá yín wí ni pé àdá lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó pe lébìrà, ẹ ó hú u tán, ẹ ó wá máa sáré ọkọ̀ kiri. Ẹni tó máa rà á ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Kó dá ọjọ́ àti wákàtí, kó sọ iye tọ́ọ̀nù tó fẹ́, kó sì sọ iye ọkọ̀ tó ti tò síwájú yín. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀, kí lébìrà tó tẹ̀lé e. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ ni kí àdá wọ oko. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, kó má ṣáájú ìyẹn.

Ẹ̀gẹ́ tó ti kúrò nínú ilẹ̀ ní ọjọ́ 2 sí 3 péré kó tó bàjẹ́. Àwọn tó ń fi ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì tiẹ̀ fẹ́ kó wọ ẹ̀rọ láàárín wákàtí 24. Láti ìdí àkọ́kọ́ tí ẹ hú lẹ ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ gbéra.

"Lébìrà ti dé, a ò lè dá wọn padà." A ti gbọ́ èyí títí ó fi sú wa. Ẹ fún wọn ní oko ro, kí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í gba owó ìkẹ́rùpamọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ má fojú díwọ̀n ẹrù ọkọ̀. Ẹ hú ìdí 10 káàkiri oko, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí 10. Bí ìdí kan bá mú kílò 2 àbọ̀ wá, ìdí 2,000 ni ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 5 ń fẹ́. Bó bá jẹ́ mítà kan sí mítà kan lẹ gbìn ín, ìyẹn tó ìlàjì éékà. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú híhú, ẹ gé igi ẹ̀gẹ́, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kù lókè ilẹ̀. Kì í tètè dúdú lẹ́yìn náà. Kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ o, torí tó bá ti ń rúwé padà, sítáàṣì inú rẹ̀ ló fi ń rúwé, sítáàṣì yẹn sì ni oníbàárà ń sanwó fún. Lọ́jọ́ híhú, ẹ fi ọrùn ìka méjì sára iṣu kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jù ú, kí ọmọkùnrin kankan má sì dúró lórí ẹrù tí à ń tò, ojú ọgbẹ́ ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé. Abẹ́ igi ni kí òkìtì wà, kí ẹ fi ewé tútù bò ó.

Ọkọ̀ lè yọnu. Nítorí náà, kí ẹ tó hú, ẹ ti bá onígàrí tó sún mọ́ yín jù ṣàdéhùn. Bí ọkọ̀ ò bá dé títí di ọ̀la àárọ̀, ẹ bó o, ẹ rin ín lọ́jọ́ náà. Nǹkan bíi kílò 200 gàrí ló ń jáde nínú tọ́ọ̀nù kan. Owó rẹ̀ lè má tó èyí tí ẹ ń retí, ṣùgbọ́n gàrí gbígbẹ á dúró de ọjà.

Ti inú ilé: iṣu tí kò lọ́gbẹ́ ni kí ẹ tò sínú àpótí, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú igi tútù bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀ kó má gbẹ. Á lò tó oṣù kan. Èyí tó bá ti ní ìlà dúdú, ẹ má kó o mọ́ èyí tó dára.