Bí Kọ́sítọ́mà Bá Dákú Sí Yàrá Yín: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tí A Ń Ṣiṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì

"Àǹtí, ó ti sùn lọ. Ó ń hanrun bí ẹní ń fi ayùn la pákó."

Ohun tí ọmọbìnrin náà sọ fún mi nìyẹn, ní nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tó jáde wá bu omi ní òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà l'Ékòó. Mo ní kó fi í sílẹ̀ kó sinmi, owó mọ́júmọ́ ló kúkú san. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi pariwo pè mí. Nígbà tí mo wọlé, ètè ọkùnrin náà ti dà bí eérú, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù. Ó fa èémí kan tariwo-tariwo, ó dákẹ́ pẹ́, ó tún fa òmíràn, lẹ́yìn náà kò fà mọ́. Kò sùn rárá. Ọkàn rẹ̀ ló ti dúró, àwa sì ń pè é ní oorun.

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ kí obìnrin máa gba ọkùnrin sí yàrá fún owó. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mò ń lọ láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, mò ń kọ́ àwọn àbúrò mi ní bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹ̀mí kí dókítà tó dé. Ibi gbogbo tí mo dé, ohun kan náà ni mò ń bá: ìtìjú àti ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àbúrò mi, ohun tó máa yọ ọkùnrin yẹn nínú ewu, òun gan-an ló máa yọ ẹ̀yin náà.

Ẹ má pe èémí ìkẹyìn ní ìhanrun

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lè ṣì máa mí gúlegúle fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ariwo rẹ̀ jọ ìhanrun, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ léra bí èémí ẹni tó sùn. Ẹ gbọn èjìká rẹ̀, ẹ pariwo pè é létí. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àyà náà ò bá lọ sókè sódò déédéé, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ fà á sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Àṣìṣe ńlá ni kí èèyàn máa tẹ àyà ẹni tó wà lórí fóòmù, torí fóòmù ló máa gba agbára yín, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀ tó le ni kó sùn sí, kó dojú sókè. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín igbá àyà rẹ̀, ẹ gbé ìkejì lé e, ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́. Kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí àyà padà sókè kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó yá ju bí a ṣe ń gún iyán lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀, ọwọ́ nìkan tó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, apá á ti máa ro yín. Kí ẹlòmíràn gbà á, kí àlàfo má sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà wá láti tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, pàápàá bí a bá gbọ́ tí nǹkan ró kọ́ lábẹ́ ọwọ́ wa. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Eegun ìhà tó kán ṣeé tò. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ti ń kú lọ, kò sì sí dókítà tó lè tò ó.

"Mágùn ni!"

Nínú gbogbo igbe tí mo ti gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, èyí ló ń dùn mí jù. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà: wọ́n fi òwú tàbí ìgbálẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà, obìnrin dá a kọjá, ọkùnrin tó bá gùn ún á ta òkìtì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, á kọ bí àkùkọ. Ìyá tó bí mi gbà á gbọ́ títí tó fi kú, mi ò sì ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ohun tí mò ń jà lé lórí ni ohun tí igbe náà ń fà. Bí ẹnì kan bá ti ké e, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọkùnrin náà mọ́. Ẹnì kan á gun ọ̀kadà lọ wá onísègùn. Òmíràn á gbé epo pupa wá, á máa dà á sí ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì lẹ́nu. Epo náà ò lọ sí ikùn o, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Àwọn tó kù á yí sí obìnrin náà. "Ta lọkọ ẹ? Ta ló rán ẹ?" Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbá létí títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ọkùnrin náà sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tẹ àyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ọkùnrin tó máa ń ṣubú náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà torí ó gbọ́ pé ó máa ń sọ ọkùnrin di aláìlágbára. Ó mu paraga méjì, ó gbé màńpáwà mì, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta, yàrá móoru. Kò sí ohun tó pamọ́ nínú ìdí tí ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lè kọṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí mágùn, kó dúró di ìgbà tí ọkùnrin náà bá ti dé ọsibítù.

Oògùn tó lò: ẹ má fi pamọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà. Ọkùnrin kan ní àyà ń ta òun, ó ń fún òun pa. Ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó tú báàgì rẹ̀, ó rí oògùn kékeré tí àwọn alárùn ọkàn máa ń fi sábẹ́ ahọ́n, ó sì fẹ́ fún un. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó lè pa á. Bí ọkùnrin náà bá ti lo Viagra tàbí oògùn mìíràn tó ní sildenafil nínú láàárín wákàtí 24, oògùn abẹ́ ahọ́n yẹn lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ débi tí kò ní dìde mọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ní tadalafil, wákàtí 48 ni. Dókítà náà lè ṣe irú àṣìṣe yìí bí ẹ bá dákẹ́, torí oògùn yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa ń fún ẹni tí àyà ń dùn. Nítorí náà ẹ wá páálí rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ẹ mú un dání. Àwọn tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńkọ́, àti burantashi, èèpo igi tí wọ́n fi ń wá agbára ọkùnrin, àti àgbo inú ike? Ẹ kó èyí tó kù nínú ike náà lọ pẹ̀lú.

Kí ọkùnrin tí àyà ń dùn jókòó, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó má rìn. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, bó ti wù kó máa sọ pé ìrora náà ti lọ sílẹ̀.

Tramadol náà ń kó bá wa. Ó lè mú gìrì wá, bí wọ́n bá sì fi ọtí lé e, ó lè pa èémí mọ́ èèyàn nínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò pé ó ti yó ló ṣe ń sùn. Ẹni tó ti yó tí kò ṣeé jí dáadáa, ẹ yí i kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí èébì lè rọ́nà jáde, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Bí gìrì bá mú un, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ran èèyàn. Ẹ kó àga àti ìgò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wo aago. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, pàjáwìrì ni.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń làágùn tó ń gbọ̀n, tó ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ohun mímu dídùn. Bó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò gbé mọ́, ẹ má fi Robb pa á, ẹ má ní kó di àárọ̀: oògùn kan tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ọpọlọ kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀, nítorí náà ẹ rántí aago tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé orí ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé, ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá yẹn ná, èéfín ni.

Máníjà kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ pè

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ọmọ á sáré lọ bá máníjà, máníjà á pe ọ̀gá, ọ̀gá á ní kí wọ́n gbé ọkùnrin náà jáde sí ìta kí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì má bàjẹ́. Wọ́n á fà á sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ á máa gbá àtẹ̀gùn, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Tàbí kí wọ́n há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Lọ́jú ọlọ́pàá, ìgbà yẹn gan-an ni àìsàn di ẹjọ́ ìpànìyàn.

L'Ékòó, nọ́ńbà tí ẹ ó pè ni 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni. Fóònù tí wọ́n tì pa náà lè pe 112, kódà bó jẹ́ ti kọ́sítọ́mà. Ohun tí ẹ máa sọ kò pọ̀: "Ọkùnrin kan ṣubú, kò dáhùn, kò mí dáadáa. A wà ní òtẹ́ẹ̀lì báyìí, ní òpópónà báyìí, òkè kẹta." Ẹ kò ní láti sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ láyà, kí ẹnì kejì pè, kí ẹnì kẹta gbé tọ́ọ̀ṣì lọ dúró ní géètì. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó sọ fún máníjà.

Ẹ má sá. Ẹni tó bá sá ni wọ́n máa ń wá, ẹni tó dúró ló máa sọ ohun tó rí. Ẹ má sì fọwọ́ kan pọ́ọ̀sì rẹ̀, kódà bó bá ku ìyókù owó yín. Bó bá di dandan kí ẹ kó ẹrù rẹ̀ dání, kí èèyàn méjì wà níbẹ̀, kí ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pe fóònù náà, "Ó ṣubú, à ń gbé e lọ sí ọsibítù" ti tó. Ẹ sọ orúkọ ọsibítù náà fún un, torí òun ló mọ àìsàn rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n lè bi yín léèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè tọdún 2014, abala 20, sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan tó lè kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí. Ẹ má pe ara yín ní àbúrò rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ṣubú, ẹ sọ àkókò, ẹ sọ ohun tó mu.

Bó bá kú ńkọ́? Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi bò ó ti tó. Òfin kọ́rónà (ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó fa ikú) ti ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2007 ní kí wọ́n fi irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ tó ìjọba létí, kọ́rónà sì lè pàṣẹ àyẹ̀wò òkú. Ẹ má bẹ̀rù àyẹ̀wò yẹn. Òun ló lè fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó tó mọ̀ yín. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ìwé òfin orílẹ̀-èdè tọdún 1999, abala 35, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn sọ̀rọ̀. Ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí wọn ò kà fún yín.

Ọmọ tó wà nínú yàrá

Ní òru tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé òkú lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Kó tó di aago mẹ́fà, máníjà ti ń kan ilẹ̀kùn ọmọ náà pé kọ́sítọ́mà kan wà nísàlẹ̀, owó yàrá òní ò gbọdọ̀ dúró. Ó lọ. Mi ò dá a dúró, torí mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó rí lóru yẹn lè dà á láàmú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè sùn nínú òkùnkùn. Gbogbo ọkùnrin tó bá hanrun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó máa ń jí i.

Àwọn tí mò ń kọ́ báyìí ti ní àjọ tí wọ́n ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí irú nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, nínú àjọ yẹn ni wọ́n ti ń san owó yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á gbé omi gbígbóná wá fún un, á jẹ́ kó sọ ọ́ bó bá ṣe fẹ́ sọ ọ́, kódà bó bá sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá.